Ẹni Tí Ń Bá Onífọ́tò Kọ Ọ́

Ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ pé méjì ló máa ń pa òwe yìí bí ẹni ń ṣàwàdà. Ẹni tí ọ̀kan ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ló mọ̀ pé ọ̀rọ̀ gidi ni. Kí Ọlọ́run má fi ẹnì kejì wa dù wá.

Onífọ́tò kan wà tó ń gbé yàrá méjì lókè ilé alájà mẹ́ta. Yàrá iwájú ló fi ṣe ṣọ́ọ̀bù, inú ti ẹ̀yìn ló ń sùn. Láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, iṣẹ́ nìkan ló kù tó ń kanlẹ̀kùn fún un. Iṣẹ́ náà sì ti fẹ́ máa gba ibòmíì lọ, torí kọ̀ǹpútà tó fi ń to fídíò pọ̀ ti darúgbó, ó ń wọ́ bí ìgbín. Ọ̀gá ilé-ìwé tó máa ń gbéṣẹ́ fún un lọ́dọọdún ti wí fún un tẹ̀rín-tẹ̀rín pé, "Bàbá Onífọ́tò, bí fídíò àwọn ọmọ wa ò bá jáde lọ́jọ́ Ẹtì, ẹ ó jẹ́ ká gbé e fáwọn ọmọ ìsinsìnyí o. Kí ẹ̀yin náà lọ sinmi."

Ẹ̀rín ni ọ̀gá náà fi sọ ọ́, àmọ́ kò pa onífọ́tò lẹ́rìn-ín. Kó lọ sinmi? Ta ni yóò bá sinmi?

Ọ̀nà kan wà tí wọ́n fi ń mú irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ sáré ju bí àwọn tó ṣe é ti fi lélẹ̀. Èèyàn á wọ ojú-ewé ètò rẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń yí bó ṣe ń ṣiṣẹ́, kó tó jí tán, á fi díẹ̀ kún eré rẹ̀, á fi díẹ̀ kún iná tó ń gbé eré náà, á tún un tàn, á sì dán an wò. Bí iná bá kéré sí eré, ẹ̀rọ á dákú. Bí iná bá pọ̀ jù, á gbóná bí ààrò. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Nǹkan kan ṣoṣo lèèyàn ń yí lẹ́ẹ̀kan, kó sì mọ ohun tó yí.

Nígbà ayé ìyàwó rẹ̀, àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ ń ṣe é. Ọkọ á jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, ìyàwó á fẹ̀yìn ti ògiri pẹ̀lú bírò àti ìwé lórí ẹsẹ̀.

"Bàbá Má-jẹ̀ẹ́-ó-sinmi," ni obìnrin náà máa ń wí, "ẹ ka ohun tó wà lójú rẹ̀ fún mi o. Ẹ má ka ohun tó wà lọ́kàn yín."

"Ṣé ilé-ẹjọ́ la wà ni?"

"Ilé-ẹjọ́ ni. Agbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Ẹ jẹ́ kí òun náà sọ tẹnu ẹ̀."

Ọkọ á kà á, ìyàwó á wí i tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà ni yóò tó kọ ọ́.

Ní báyìí, onífọ́tò nìkan ló ń tẹ̀ ẹ́, òun náà ló ń kọ ọ́. Á kọ iye iná tó fẹ́ fi kún un sínú ìwé, á kọ ọ́ sójú kọ̀ǹpútà, á tan ẹ̀rọ padà, á dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ó jí. Á wá fi díẹ̀ kún eré. Bí fídíò bá ṣe ń dé ìdajì báyìí, ojú kọ̀ǹpútà á ṣókùnkùn. Á tún fi iná kún un, á kọ ọ́. Ẹ̀rọ á tún dákú. Ó rò pé ooru ni. Ó ṣí ìhà rẹ̀ kan sílẹ̀, ó kọjú fáànù ilé sí i, òun fúnra rẹ̀ wá ń làágùn bí ẹni ń gé igi nígbà tí kọ̀ǹpútà ń gba atẹ́gùn bí ọba. Ó tiẹ̀ kì í:

"Arúgbó tí ń bá ọmọdé sáré,
abara-dúdú tí inú rẹ̀ ń tàn yanran,
dìde, má dójú tì mí."

Kọ̀ǹpútà ò gbọ́ oríkì. Ó dákú síbẹ̀.

Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, ọmọ rẹ̀ obìnrin pè é láti ìlú tó fẹ́ ọkọ sí.

"Dádì, ẹ káàsán. Ẹ ti jẹun?"

"Mo ti jẹun, ìyá mi."

"Irọ́ lẹ ń pa."

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Ohùn yín ló sọ fún mi. Kọ̀ǹpútà yín ńkọ́?"

"Ó ń dákú ṣáá. Mi ò mọ ohun tí mo ṣe fún un."

"Ẹ ka gbogbo ohun tí ẹ yí fún mi. Mi ò mọ nǹkan kan níbẹ̀ o, àmọ́ mo ń gbọ́."

Onífọ́tò mú ìwé. Ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ kò ṣeé kà lójú ara rẹ̀, torí náà ó tan ojú-ewé ètò kó lè kà á láti ibẹ̀. Ó ka eré, ó pé. Ó dé orí iná, ó sì sún mọ́ ojú kọ̀ǹpútà. Iná wà níbi tí àwọn tó ṣe ẹ̀rọ fi í sí. Kò kúrò níbẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá. Ìlà iná fẹ́ kéèyàn tẹ bọ́tìnnì ìgbàwọlé, èyí tí wọ́n kọ "Enter" sí, kó tó gbà. Ó ń kọ nọ́ńbà síbẹ̀, ó sì ń jáde láì tẹ bọ́tìnnì náà. Eré ń ga, oúnjẹ rẹ̀ ò kúrò lójú kan.

"Dádì?"

"Mo wà níbí. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni mo ń kọ láti ọjọ́ yìí. Kò sí èyí tó wọlé."

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Màámi ì bá ti..." Kò parí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹnìkan ké pe ọmọ náà láti inú ilé rẹ̀ lọ́hùn-ún.

"Dádì, wọ́n ń pè mí. Ó kúkú ti yé yín báyìí. Màá pè yín lọ́jọ́ Àìkú."

Lóòótọ́, ó ti yé e. Kò ju kó kọ nọ́ńbà náà, kó tẹ bọ́tìnnì, kí iṣẹ́ ilé-ìwé jáde lọ́la. Ó gbé ìka lé bọ́tìnnì náà, ìka kò sì tẹ̀ ẹ́.

"Ìyá mi," ló wí sínú fóònù, "má tíì lọ. Màá máa kà á, jọ̀ọ́, máa wí i tẹ̀lé mi."