Ẹni Tó Bá Rí Ewu

Nígbà tí àwọn òyìnbó tó kọ́kọ́ ń kọ́ àwọn ọmọ ogun níṣẹ́ kó ẹrù wọn lọ, tí àwọn mìíràn dé, Fàrúkù rò pé fìlà nìkan ni yóò yí padà. Àṣé orí gan-an ni wọ́n fẹ́ pààrọ̀. Àwọn ti àkọ́kọ́ ní kí ọmọ ogun máa dúró de àṣẹ. Àwọn tuntun ní rárá o: ẹni tó bá rí ewu, ì báà jẹ́ àná ló wọṣẹ́, kó sọ̀rọ̀ kí ọ̀gá tó gbẹ́sẹ̀. Fàrúkù, sájẹ́ǹtì tí wọ́n bí sí àdúgbò Boukoki, ní ìlú òkèèrè tí bàbá rẹ̀ ti ń ṣòwò, gba ẹ̀kọ́ náà tọwọ́tẹsẹ̀, ó sì ń fi kọ́ àwọn ọmọ tuntun.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, níbi ìdánrawò, ọ̀gá kan kó wọn gba ibi tí wọ́n ri bọ́ǹbù ayédèrú mọ́. Ọmọ ogun kan rí i, ó panu mọ́.

"Kí ló dé tó ò sọ̀rọ̀?" Fàrúkù jágbe mọ́ ọn.

"Ṣẹ́fù," bí wọ́n ṣe ń pe sájẹ́ǹtì níbẹ̀ nìyẹn, "ọ̀gá ló ṣíwájú."

Fàrúkù bú sẹ́rìn-ín. Ó ní òpè ni.

Nígbà tó délé lẹ́yìn ìrun Àsárì, Alhaji Sànúsí, bàbá rẹ̀, ń di aṣọ sínú ọkọ̀. Ọjà Téra ló ń lọ lọ́la, bó ti ń ṣe látìgbà tó ti Ògbómọ̀ṣọ́ dé. Fàrúkù mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà yẹn lọ́sẹ̀ náà. Ẹ̀rù ń ba ìyá rẹ̀ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ohun tó ń sọ kò ju, "Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n, Bàbá Fàrúkù." Nínú ilé yẹn, ibi tí àríyànjiyàn ń parí sí nìyẹn.

Fàrúkù dọ̀bálẹ̀. Ó lanu láti ní kó má lọ, ohun tó jáde ni, "Ó dáa, sà."

Ojú ara rẹ̀ tì í. Kò tíì dìde nílẹ̀ tó fi sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀: "Ẹ má bínú, Bàbá. Ẹ ò ní lọ Téra. Wọ́n ń dá ọkọ̀ lọ́nà, wọ́n ń pa èèyàn. Kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ ti wà lápò mi."

Ìyá rẹ̀ káwọ́ lérí. Alhaji kọjú sí i.

"Ohun tí àwọn òyìnbó yín ń kọ́ yín nìyí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Ṣé báyìí làwọn náà ṣe ń bá bàbá wọn sọ̀rọ̀?"

Fàrúkù ò mọ̀. Wọ́n ti kọ́ ọ bó ṣe lè dá ọ̀gágun dúró, wọn ò kọ́ ọ ní ti bàbá. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọra.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n tú aṣọ kúrò nínú ọkọ̀. Fàrúkù dọ̀bálẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó kí bàbá rẹ̀ káàárọ̀. Alhaji yíjú sógiri, kò ní kó dìde. Ọmọ náà wà nílẹ̀ níbẹ̀ pẹ́, ó ń gbọ́ bí bàbá rẹ̀ ṣe ń mí.