Kúbùsù Ìyá Alágbàfọ̀

“Ìyá Ẹgbẹ́, ẹ má tú rìbọ́nnì yẹn o,” ni àlùfáà wí láti ẹnu ọ̀nà yàrá ìkẹ́rùsí. “Bí àwọn kúbùsù náà ṣe wà yẹn ni a fẹ́ kí ayàwòrán bá wọn.”

Ìyá Ẹgbẹ́ ṣíwọ́ lára kúbùsù pupa náà. “Ẹyọ kan péré ni mo fẹ́ mú, Bàbá. Ìyá Alágbàfọ̀ ni mo fẹ́ gbé e fún. Òrùlé wọn ń jò, ikọ́ ò sì jẹ́ kí wọ́n sùn. Wọ́n kúkú wà lára àwọn tí a fẹ́ fún.”

“Ṣé mo ní ká má fún wọn ni? Ọ̀la ṣáà ni. Àwọn tó ra kúbùsù ń bọ̀ wá fojú ara wọn rí àwọn tó gbà á. Bí àga kan bá ṣófo níwájú, kí la fẹ́ wí? Ẹ bá wa gbàdúrà fún wọn.”

Àlùfáà kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ìjọ ti dá Ìsìn Ìfẹ́ Aládùúgbò sílẹ̀, àánú wọn ti ní ọjọ́ tirẹ̀, bí aṣọ ìmúròde tí a kì í wọ̀ sílé. Ìyá Ẹgbẹ́ ti ilẹ̀kùn, ó sọ kọ́kọ́rọ́ sínú àpamọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá mú ọ̀kan, ta ni yóò bi í? Àmọ́ ìgbọràn ti mọ́ ọn lára.

Ó gba inú òjò lọ kí arúgbó náà. Ògiri kan ló pààlà láàárín yàrá opó yìí àti ṣọ́ọ̀ṣì. Bí akọrin bá ń kọrin, òun náà a máa gbè é lórí ibùsùn. Kí ọwọ́ rẹ̀ tó daṣẹ́ sílẹ̀, òun ló ń fọ gbogbo aṣọ funfun wọn. Ní báyìí, àkísà tútù ló kó jọ tó fi bora, abọ́ kan sì ń gbe òjò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀.

“Ìwọ nìyẹn, ọmọ mi?”

“Èmi ni, Mà. Ara ńkọ́?”

“Òtútù ni. Ó ti kó wọ inú egungun mi, kò sì fẹ́ san owó ilé.”

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín sì di ikọ́ mọ́ arúgbó náà lẹ́nu.

“Ẹ fara dà á di ọ̀la, Mà. Kúbùsù yín ti wà nílẹ̀.”

“Níbo?”

“Ní ṣọ́ọ̀ṣì.”

Arúgbó náà yíjú sí ògiri, ó wò ó díẹ̀. Kò bi í pé kí ló dé tí kò gbé e wá. “Olúwa á san án fún yín,” ló wí. Ọ̀rọ̀ náà dun Ìyá Ẹgbẹ́ ju èébú lọ. Ó gbàdúrà tó gùn, ó bọ́ ìborùn rẹ̀, ó fi bo ẹsẹ̀ Ìyá Alágbàfọ̀. Ó fẹ́ lọ gbé kúbùsù tirẹ̀ wá láti ilé, ṣùgbọ́n nígbà tó délé, òjò ò jẹ́ kó tún jáde mọ́.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ti to àga síwájú pẹpẹ kí wọ́n tó rán an pé kó lọ mú arúgbó náà wá. Àga àkọ́kọ́ ni Bàbá yàn fún un.

Ó kan ilẹ̀kùn, ó pè, ó wọlé. Abọ́ ti kún, omi ti ṣàn dé abẹ́ ibùsùn. Ìborùn ṣì wà níbi tó fi í sí, ẹsẹ̀ abẹ́ rẹ̀ sì ti le. Ìyá Ẹgbẹ́ kúnlẹ̀ sínú omi, ó sunkún. Nígbà tó dìde, ó gba ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì wọlé, ó ṣí yàrá ìkẹ́rùsí, ó gbé kúbùsù pupa kan láìbi ẹnikẹ́ni. Ó já rìbọ́nnì rẹ̀ dànù lójú ọ̀nà.

Ó ń dà á bo òkú náà lọ́wọ́ nígbà tí akọ̀wé ìjọ yọjú. Akọ̀wé ṣí fìlà, ó mí kanlẹ̀. “Ó mà ṣe o.” Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. “Ìyá Ẹgbẹ́, a ti rí ẹlòmíràn tó máa jókòó sórí àga yẹn. Kúbùsù yìí la ń wá. Wọ́n ti ń dúró.”

Ìyá Ẹgbẹ́ fa kúbùsù náà dé èjìká arúgbó, ó ki etí kúbùsù bọ abẹ́ ara rẹ̀ dáadáa, bí ẹni pé òtútù ṣì lè mú un. Lẹ́yìn náà ló yọ kọ́kọ́rọ́ yàrá ìkẹ́rùsí, ó nà án sí akọ̀wé.

Lódìkejì ògiri, akọrin gbé orin ìdúpẹ́. Kò sẹ́ni tó bá wọn gbè é nínú yàrá náà.