Ìpìlẹ̀ Bàbá Mi

Kòtò ìpìlẹ̀ ilé kan wà lẹ́yìn fèrèsé mi. Bàbá ọkọ mi ló gbẹ́ ẹ, ikú ò sì jẹ́ kó kọ́ ilé sí i. Àtìgbà náà ni àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì ti ń jà. Ọkọ mi á ní, "Bàbá mi ló gbẹ́ ẹ fún mi." Bọ̀ọ̀dá, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, á ní, "Bàbá mi ò lè fún àbúrò nílẹ̀ kí n máa wòran." Bàbá mi, bàbá mi! Ẹni tó bá gbọ́ wọn á rò pé bàbá méjì ló kú nínú ilé wa.

Kóòtù ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án títí ẹjọ́ á fi parí. Òjò ò mọ kóòtù ní tirẹ̀. Ó rọ̀, kòtò kún, ìdin ẹ̀fọn sì ń ta òkìtì nínú omi.

Wọ́n pín ilé tí à ń gbé náà sí méjì, wọ́n mọ ògiri sáàárín pálọ̀. Búlọ́ọ̀kù tán kó tó kan àjà, kálukú ní èkejì ni kó ra ìyókù. Wọ́n ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá kì í ráyè wọbẹ̀. Tiwa ò tilẹ̀ lórí. A ò kí ara wa mọ́, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń dín ata lọ́hùn-ún, èmi ni mò ń sín.

Aránṣọ ni mí, abẹ́ fèrèsé yẹn ni ẹ̀rọ mi wà. Oyún wà nínú mi nígbà náà, oyún tí mo fi ẹkún wá. Inú nẹ́ẹ̀tì ni mò ń sùn, àmọ́ ta ló ń ránṣọ nínú nẹ́ẹ̀tì?

Mo bẹ ọkọ mi pé, "Ẹ jẹ́ ká dí kòtò yìí, ẹ̀fọn fẹ́ pa wá."

"Tí mo bá dí i, wọ́n á ní mo ti gbà pé kì í ṣe tèmi."

Mo lọ kúnlẹ̀ fún Bọ̀ọ̀dá. Ó ní, "Ìyàwó, ọkọ ẹ ló rán ẹ. Ẹ fẹ́ fọgbọ́n gbalẹ̀." Mo dìde, mo gbọn orúnkún mi nù.

Láìpẹ́, ibà dé sí ọmọ Bọ̀ọ̀dá. Mo bá ọmọ náà nílé ọkọ ni, èmi ni mo sọ ọ́ ní Eyínafẹ́. Ó ń gbọ̀n débi pé bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ń kan ògiri. Mo gbé ìjà tì, mo pariwo sí ìyàwó Bọ̀ọ̀dá pé, "Ìyálé mi, ṣé kò sí o?"

"Kò sí nǹkan kan. Ó ń ṣeré ni."

Eré kẹ̀! Kò gbé e lọ sí ọsibítù, kí àwa má baà gbọ́ ká yọ̀ wọ́n. Oògùn díẹ̀ ló rà ní kíósì, nígbà tí ara ọmọ sì tutù díẹ̀, ó fi ìyókù pamọ́.

Lẹ́yìn náà ló kàn mí. Nọ́ọ̀sì gún ìka mi, ó yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, ó ní, "Wọn ò bí ibà mọ́ ẹ̀fọn o. Ó máa ń fà á mu lára ẹni tí ibà ń ṣe ni, ibà á gbó nínú rẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, kó tó gún ẹlòmíì. Ta ló ń ṣàìsàn nílé yín?"

"Kò sí," ni ọkọ mi dáhùn kíá. "Àwa méjì péré la wà nílé wa."

Inú bí mi gan-an. Ẹ̀fọn gba orí ògiri wọn kọjá, ó gbé ẹ̀jẹ̀ ẹ̀gbọ́n wá bá ọmọ àbúrò. Òun nìkan ló ṣì ń ṣe ẹbí nínú ilé yẹn.

Oyún náà bàjẹ́ lára mi. Eyínafẹ́ yè, mo dúpẹ́, ọmọ ò mọwọ́mẹsẹ̀.

Ọjọ́ tí mo ti ọsibítù délé, mo mú ṣọ́bìrì. Erùpẹ̀ tí bàbá wọn gbẹ́ jáde ṣì wà létí kòtò, mo bẹ̀rẹ̀ sí í dà á padà. Ọkọ mi jáde láti ẹnu ọ̀nà tiwa, Bọ̀ọ̀dá jáde láti tiwọn. Wọ́n dúró ní èjìká sí èjìká. Ìkankan nínú wọn ò bèèrè ara mi.

"Ta ló ní kó o fọwọ́ kan ìpìlẹ̀ bàbá wa?"

Ẹ̀ẹ̀kan náà ni àwọn méjèèjì sọ ọ́. Bàbá wa. Mo gbọ́ ọ dáadáa. Ọmọ mi ì bá wà nínú "wa" yẹn.

Mo bu ṣọ́bìrì mìíràn, mo dà á sí i.