Imú Ilé Bíbí Tuba

Ìgbà kẹta nìyí tí Ọ̀gá Safdar gun àtẹ̀gùn òrùlé Bíbí Tuba lọ́sàn-án ọjọ́ kan ṣoṣo, orúnkún rẹ̀ méjèèjì sì ti ń ráhùn síra wọn. Ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin ni. Lọ́dọọdún, kí oòrùn Yazd, ìlú aṣálẹ̀ wọn, tó bẹ̀rẹ̀ sí í yan orí ọmọ aráyé bí ẹ̀pà, òun ló ń ti òrùlé dé òrùlé, tí ń ṣí kánfáàsì tí wọ́n fi bo ẹ̀rọ olómi tí ń mú ilé tutù láti ìgbà òtútù, tí ń pààrọ̀ ìfá igi, fọ́nrán igi tí omi ń ṣàn gbà, tí ń ta ọ́ìlì sí irin tó ń han. Ó ti ṣèlérí fún Esmat ìyàwó rẹ̀ pé ọdún yìí lòun máa jọ̀wọ́ òrùlé fún ẹyẹlé. Ìlérí dùn ún ṣe, àmọ́ iṣẹ́ kì í gbọ́ pé ó rẹ olóko.

Ẹ̀rọ Bíbí Tuba kò sì ní àrùn kankan. Ìfá igi tuntun ni, omi ń ṣàn lé e, bẹ́líìtì rẹ̀ le dáadáa. Síbẹ̀, yàrá ńlá ìsàlẹ̀ gbóná, ó tún rin, bí ilé ìwẹ̀ ìlú lọ́jọ́ tí èrò pọ̀. Iyọ̀ inú àwo ti di omi. Ògiri ń làágùn.

"Safdar, ṣé o ti rí i?" Bíbí Tuba ké láti àgbàlá. Ìyá náà ti lé lọ́gọ́rin ọdún, ó sì mọ Safdar láti ìgbà tó ń ru garawa amọ̀ tẹ̀lé bàbá rẹ̀.

"N ò tíì rí i, Bíbí."

"Àbí o ti sùn lọ lókè yẹn ni?"

"Bí mo bá sùn, gbogbo àdúgbò ló máa gbọ́ híhan mi."

Ó sọ̀ kalẹ̀, ó di ògiri mú ní àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ó wọ yàrá, ìyá ti jókòó sórí kápẹ́ẹ̀tì, ó ti gbé tíì síwájú rẹ̀. Báàgì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá, ó fi gèlè aláwọ̀ ewé so ó lẹ́nu. Safdar wo báàgì náà, tíì ò wù ú mu mọ́.

"Ẹ ti dì í tán?"

"Farhang ọmọ mi ti wọ ọkọ̀ ojú irin láti àárọ̀. Láti ọjọ́ tí ooru ti gbé mi ṣubú lẹ́nu ọ̀nà, ọmọ náà ò sùn. Ó ní bí yàrá yìí bá ṣì rí báyìí nígbà tóun bá dé, ìlú Karaj lọ́dọ̀ òun yá nìyẹn. Àjà kẹsàn-án. Ó ní ilé àwọn tutù débi pé àwọn ń bora lọ́sàn-án."

"Ṣé kò dáa bẹ́ẹ̀?"

"Ó dáa. Ta ni kí n máa bá sọ̀rọ̀ lájà kẹsàn-án, ẹyẹ? Ọdún méjìlélọ́gọ́ta rèé tí wọ́n mú mi wọ ilé yìí ní ìyàwó. Igi pómígránétì tó wà níta yẹn, ọwọ́ bàbá Farhang ló gbìn ín." Ó nu ọrùn. "Mo sì tẹ̀lé gbogbo òfin rẹ̀. N ò ṣílẹ̀kùn rárá, kí atẹ́gùn tútù má baà jáde."

Ife tíì dúró lọ́wọ́ Safdar. "Òfin ta ni?"

"Ti Farhang. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe ní Karaj."

Safdar mí kanlẹ̀. Ẹ̀rọ onígáàsì tí wọ́n ń lò ní Karaj, ilé tó dí bí ẹyin ló fẹ́. Ṣùgbọ́n ti olómi, bó ti ń fẹ́ atẹ́gùn wọlé, èyí tó ti wà nínú ilé gbọ́dọ̀ ríbi jáde. Ẹni tó ń mí sínú tí kò mí síta, a ò ní pẹ́ gbẹ́lẹ̀ rẹ̀. Ó dìde, ó ṣí ilẹ̀kùn àgbàlá. Ìjì ọ̀sán bu yanrìn wọlé gbùà, ìyá húkọ́ títí ojú rẹ̀ fi pọ́n. Ó yára tì í padà. Ó wo fèrèsé: àwọn onípákó tó ti ń jò bí asẹ́ ti lọ, gíláàsì onípele méjì tí kò ṣeé ṣí ni Farhang fi rọ́pò wọn nígbà tí ewé ń rẹ̀ lọ́dún tó kọjá.

Àmọ́ ilé yìí ní gogoro atẹ́gùn lórí, ọ̀nà gíga tí atẹ́gùn inú ilé ń gbà jáde sókè. Ẹnu gogoro náà wà nínú yàrá yìí gan-an, níbi igun àjà. Ibẹ̀ ló yẹ kí atẹ́gùn máa bá lọ. Safdar gbójú sókè.

Ògiri funfun ló rí, kò sí ihò kankan. Ní igun rẹ̀, àtàǹpàkò kan tẹ àmì sára amọ̀. Bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀: ibi tí o bá rẹ́ tán, fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, kí ọjọ́ iwájú lè mọ ẹni tí yóò bi léèrè.

Ó rántí. Farhang ló bẹ̀ ẹ́ nígbà òtútù pé kó dí i, pé gogoro ń fa ooru ẹ̀rọ ìyáná lọ sójú ọ̀run. Pákó tó ṣeé fà yọ ló yẹ kó fi dí i. Ó rẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ náà, ilé gbẹ́nàgbẹ́nà jìn, bíríkì sì wà nílẹ̀ níbẹ̀. Ó mọ ọ́n pa, ó ní bí òtútù bá lọ òun á wá ṣí i. Òtútù lọ. Ó gbàgbé.

Wọ́n kan ilẹ̀kùn. Farhang wọlé pẹ̀lú báàgì lápá, ó fẹnu ko ìyá rẹ̀ lórí, ó fọwọ́ kan ògiri.

"Màmá, ẹ wò ó. Ògiri ń sunkún." Ó yíjú sí Safdar. "Ẹ kú iṣẹ́, Ọ̀gá. Ẹ̀rọ yẹn jù mí lọ lọ́jọ́ orí. Ẹ ti sa gbogbo ipá yín, kò sí ẹ̀bi yín."

Ọ̀rọ̀ náà dùn létí bí omi tútù. Kó sáà ti mi orí, kó lọ sílé, kí orúkọ ogójì ọdún má ṣèérí. Safdar wo gèlè tó so báàgì náà.

"Ẹ̀bi mi ni. Ẹ̀rọ ò gbó, èmi ni mo dí imú ilé yín. Bá mi wá àpótí tí màá gùn àti òòlù."

"Ọ̀gá, orúnkún yín ńkọ́?"

"Orúnkún mi ló fẹ́ kí n fi bíríkì dí i. Òun náà ló máa ṣí i. Di àpótí mú, má wò mí."

Bíríkì bẹ̀rẹ̀ sí í já lọ́kọ̀ọ̀kan, amọ̀ gbígbẹ ń dà lé Farhang lórí, ìyẹ́ ẹyẹlé tẹ̀lé e. Nígbà tí ìkẹfà jábọ́, yàrá mí kanlẹ̀. Aṣọ fèrèsé gbéra díẹ̀. Etí gèlè tó wà lẹ́nu báàgì ń mì lẹ̀ǹgẹ́lẹ̀ǹgẹ́.

Wọ́n jókòó, wọ́n ń dúró. Nígbà tó yá, Farhang tún fọwọ́ kan ògiri; ó ti ń gbẹ.

"Ẹ ṣì dúró síbí, ọdún yìí nìkan, Màmá."

"Mo gbọ́." Ìyá yíjú sí Safdar. "Ìgbà òtútù ńkọ́?"

"Pákó tó ṣeé fà yọ ni màá fi dí i."

"Ìwọ tó o ní o ò gun òkè mọ́?"

"Àpótí kì í ṣe òrùlé, Bíbí. Ẹ bá mi bẹ Esmat."

Ó fẹ́ dìde, ẹsẹ̀ kọ̀, ó padà jókòó. Bíbí Tuba fa báàgì mọ́ra, ó tú gèlè ẹnu rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi nu eruku bíríkì kúrò lójú Safdar.