Orúkọ Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Ń Jẹ́

Ní ọdún 1986, ẹ̀gbọ́n mi ka lẹ́tà kan fún Bàbá wa ní Ìkirè, irọ́ ló sì kà. Bàbá kò mọ̀wé. Ilé ìwé girama kan ló kọ lẹ́tà náà pé Adédayọ̀ Òkìkí ti yege ìdánwò, kí ó máa bọ̀ ní oṣù kẹsàn-án. Èmi ni Adédayọ̀. Ọmọ ọdún méjìlá ni mí, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ka ìwé mẹ́fà tán. Ẹ̀gbọ́n mi, Ògúndélé, ti ṣe ìdánwò yẹn lẹ́ẹ̀mejì, ó ń fìdí rẹmi. Ẹ̀ẹ̀kẹta rẹ̀ ni a jọ ṣe. Ó sọ fún Bàbá pé òun ni wọ́n mú, pé èmi kò yege. Bàbá mú mi lọ kọ́ iṣẹ́ fọkanáísà lọ́dọ̀ Ọ̀gá Shittu.

Ìsinmi Kérésì ni mo tó mọ òtítọ́. Mo rí ọ̀kan nínú àwọn ìwé tí ẹ̀gbọ́n mi ń kọ iṣẹ́ ilé ìwé sí, orúkọ mi ló wà lẹ́yìn rẹ̀, òun ló sì fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́. Mo pariwo títí àwọn ará ilé fi pé lé wa lórí. Bàbá wá ní omi ti dànù, ọmọ òun kan kúkú wà nílé ìwé, ẹ̀gbọ́n sì ni ẹ̀gbọ́n ń jẹ́. Ó ní kí èmi náà máa jẹ́ Ògúndélé níta. Láti ọjọ́ yẹn, ìgbàkígbà tí mo bá bi ẹ̀gbọ́n mi léèrè ìdí tó fi ṣe é, ohun kan náà ló máa ń sọ: "Bàbá ló ṣètò ẹ̀." Ó sọ ọ́ lọ́jọ́ tí a sin Bàbá. Ó tún sọ ọ́ lọ́jọ́ tí ó wá gbé mi ní pápá ọkọ̀ òfurufú Atlanta, ẹrù mi kò tíì délẹ̀. Mo ní kò burú. Ẹnu tó jẹ ẹ́ ni yóò sọ ọ́. Èmi kò ní bá a sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Bí a ṣe wà nìyí. Nínú gbogbo ìwé wa, èmi ni Ògúndélé, ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́ta. Òun ni Adédayọ̀, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́ta. Ìwé ní èmi ni ẹ̀gbọ́n, àmọ́ èmi ni mò ń dọ̀bálẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Fairburn, Díkìnnì Dayọ̀ ni wọ́n ń pè é, akáúńtáǹtì sì ni. Èmi ń wa fọ́kílífítì, ọkọ̀ tó ń gbé ẹrù sókè, ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Forest Park.

Yẹ́misí ìyàwó mi nìkan ló ń pè mí ní Dayọ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ wa ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ̀ ni mo sọ fún un pé orúkọ mi gan-an nìyẹn, kò kàn sí nínú ìwé ni. Ó béèrè bí ọmọ ìyá méjì ṣe lè jẹ́ Dayọ̀. Mo ní kó bi Díkìnnì. Ó bi í, Díkìnnì rẹ́rìn-ín, ó ní inagijẹ lásán ni. Nọ́ọ̀sì ni Yẹ́misí, ó ti gba ìwé ọmọ Amẹ́ríkà tipẹ́, òun ló sì bá mi béèrè gíríìn káàdì lẹ́yìn ìgbéyàwó wa.

Ìwé wá dé láti ọ́fíìsì gíríìn káàdì pé kí a wá fún íńtáfíù. Gẹ̀ẹ́sì mi kò ju ti ẹnu iṣẹ́ lọ: gbé e, sọ̀ ọ́, rọra ṣe. Wọ́n ní mo lè mú ògbufọ̀ wá. Yẹ́misí ti bá obìnrin kan sọ ọ́, Hikmah, tó ń ṣe ògbufọ̀ nílé ẹjọ́. Mo ní rárá, ẹ̀gbọ́n mi ni mo fẹ́. Ó ní kí ló dé. Mo ní ó wù mí bẹ́ẹ̀ ni. Ìwé mi ni ọkùnrin yẹn kà. Kó wá fi ṣiṣẹ́ fún mi lẹ́ẹ̀kan.

Lọ́jọ́ náà, Yẹ́misí ló wakọ̀. Òógùn ti rin ṣẹ́ẹ̀tì mi kí a tó jáde ní Forest Park. Ìwé tí mo fi wọ ìlú ti kọjá àkókò láti ọdún mẹ́rin. Bí wọ́n bá ní rárá, wọ́n lè ní kí n máa lọ sílé, èmi àti Yẹ́misí á sì di ẹni tó ń rí ara wọn lórí fóònù. Yẹ́misí ń dán mi wò bí tíṣà.

"Bí wọ́n bá bi ọ́ ní ọjọ́ ìbí mi ńkọ́?"

"Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹta."

"Oṣù kẹrin, Dayọ̀. Kẹrin. Ṣé o fẹ́ pa mí ni?"

Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú táì.

Òṣìṣẹ́ ibẹ̀, obìnrin kan tó wọ awò ojú, ló gbà wá sínú yàrá kékeré kan. Ó ní kí àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nàró, kí a gbọ́wọ́ sókè, kí a búra. Ẹ̀gbọ́n mi búra pé gbogbo ohun tí wọ́n bá sọ lòun máa túmọ̀, òun kò ní fi kún un, òun kò ní yọ kúrò. Obìnrin náà gba ìwé ìwakọ̀ rẹ̀, ó ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Ó bi wá níbi tí a ti pàdé. Mo ní ọsibítù ni, nígbà tí ẹrù tẹ ìka mi, Yẹ́misí ló sì dì í fún mi. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́. Ọkàn mi fúyẹ́ díẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló béèrè bóyá mo ti jẹ́ orúkọ mìíràn rí. Ẹ̀gbọ́n mi túmọ̀ rẹ̀, kò wojú mi. Òun ló bá wa kọ fọ́ọ̀mù, "rárá" ló sì kọ síbẹ̀. Mo ní kó dáhùn bí ó ṣe kọ ọ́. Ó dáhùn.

Obìnrin náà wá ṣí àwọn ọ̀rọ̀ tí èmi àti Yẹ́misí kọ síra wa lórí fóònù, tí Yẹ́misí tẹ̀ jáde láti fi hàn pé òótọ́ ni ìgbéyàwó wa. Dayọ̀ mi, ṣé o ti jẹun? Dayọ̀, shift mi ti parí, mò ń bọ̀ wá bá ọ. Ó ń ṣí i lọ, ó ń ṣí i lọ, Dayọ̀ ló kún ibẹ̀. Ó mú ẹ̀dà ìwé ìwakọ̀ ẹ̀gbọ́n mi, ó tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn: Adédayọ̀ ló wà lára rẹ̀.

Ó bi Yẹ́misí pé ta ni Dayọ̀. Yẹ́misí nawọ́ sí mi. Obìnrin náà nawọ́ sí ìwé ìwakọ̀. Ó fi ohùn jẹ́jẹ́ béèrè bóyá ògbufọ̀ yìí gan-an ni ọkọ rẹ̀, tí wọ́n kàn fi orúkọ èmi arákùnrin rẹ̀ ṣe ìwé. Omi lé sójú Yẹ́misí. Ó ní rárá, ọkọ òun nìyí, ohun tí òun ń pè é nìyẹn, òun kò mọ ìdí rẹ̀.

Obìnrin náà wá kọjú sí mi. Ẹ̀gbọ́n mi túmọ̀ ìbéèrè rẹ̀: kí ló dé tí ìyàwó mi fi ń fi orúkọ ògbufọ̀ pè mí?

Gbólóhùn kan péré ni mo nílò. Ó wà lẹ́nu mi. Àmọ́ bí mo bá sọ ọ́, ẹ̀sùn mi náà ni yóò tún jẹ́, ẹ̀gbọ́n mi á sì ní Bàbá ló ṣètò ẹ̀.

"Bùọ̀dá mi," mo ní, "ẹ sọ fún wọn."

"Má ṣe èyí níbí," ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Sọ pé inagijẹ ni."

Obìnrin náà béèrè ohun tí a jọ ń sọ. Ó ní ògbufọ̀ kò gbọdọ̀ bá mi dá ọ̀rọ̀ sọ. Yẹ́misí tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì, ó tẹ̀ ẹ́ gan-an.

"Dayọ̀, wọ́n á lé ọ lọ. Ohun yòówù kó jẹ́, sọ ọ́, mo bẹ̀ ọ́."

Mo rí omijé rẹ̀, mo sì mọ̀ pé ìwà mi kò dáa. Síbẹ̀ mo pa ẹnu mi dé. Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí kó àwọn ìwé wa jọ.

Ẹ̀gbọ́n mi ń wo ọwọ́ rẹ̀ bí ó ṣe ń kó wọn. Ìwé ọmọ Amẹ́ríkà tirẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀, ilé rẹ̀, orí orúkọ yẹn ni gbogbo wọn wà, ó sì mọ̀ ọ́n. Ó wo Yẹ́misí. Ó tú táì rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí sọ Gẹ̀ẹ́sì, kò yára, kò sì dúró. Mo gbọ́ ilé ìwé níbẹ̀, mo gbọ́ lẹ́tà, mo gbọ́ bàbá. Yẹ́misí fi ọwọ́ bo ẹnu. Obìnrin náà gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀.

Nígbà tí ó parí, obìnrin náà ní ó búra láti túmọ̀ gbogbo ọ̀rọ̀, èyí kò sì yàtọ̀: kí ó sọ ọ́ fún mi ní èdè mi.

Ẹ̀gbọ́n mi yíjú sí mi.

"Adédayọ̀," ó ní. "Kì í ṣe Bàbá. Bàbá ò mọ nǹkan kan nígbà yẹn. Èmi ni mo ka irọ́ fún un, èmi ni mo sì sọ fún ọ pé o ò yege. O yege. Ìwọ lo yege, mo sì gbé e lọ."