Iná Pupa Kékeré Kan

Kò gòkè. Kí ló dé tí kò gòkè?

Méjìlá àti díẹ̀. Mo fi irin mítà, ẹ̀rọ tó ń wọn iná, kan orí bátìrì méjèèjì, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ṣinṣin — ohun kan náà ló ń sọ. Ẹ́ńjìnnì sì ń ṣiṣẹ́, mo ń gbọ́ ọ, ó ń gbọ̀n mọ́ mi níkùn níbi tí mo ti fara ti bọ́ọ̀sì náà. Kí Bàbá Tusekile, ọkọ mi, tó ṣáná sí i, méjìlá àti díẹ̀. Nísinsìnyí tó ń ké, méjìlá àti díẹ̀. Bí ọ́tanétọ̀, ẹ̀rọ tó ń bọ́ bátìrì níná, bá ń ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ, nọ́ńbà yìí ì bá ti kọjá mẹ́tàlá, á máa sún mọ́ mẹ́rìnlá. Bí mo ṣe máa ń sọ ọ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi nìyẹn: ẹ wo ìkòkò omi. Bí a bá ń bù ú, tí ẹnikẹ́ni kò pọn sí i ńkọ́? Gbogbo kíláàsì á dáhùn: "Á gbẹ, tíṣà!"

Ó ń gbẹ lójú mi báyìí.

Àmọ́ ọkọ mi ní iná pupa ti kú. Ìyẹn gan-an ni kò yé mi. "Ó ti kú, Ìyá Tuse. Ìwọ ṣáà máa wo mítà tìẹ." Iná kékeré ojú dáṣíbọ́ọ̀dù yẹn, èyí tí wọ́n ya bátìrì sí... bí a bá yí kọ́kọ́rọ́, á tàn. Bí ẹ́ńjìnnì bá dìde, tí ẹ̀rọ sì ń bọ́ bátìrì, á kú. Bí kò bá bọ́ ọ, á máa tàn lọ. Kò sí ohun tó rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Iná ní kò sí nǹkan, mítà ní nǹkan wà. Ẹlẹ́rìí méjì, ẹ̀rí wọn kò bára mu. Ọ̀kan ń purọ́. Mítà ilé-ìwé ni, àwọn ọmọ sì máa ń já a sílẹ̀ — bóyá òun ni. Àbí ìdọ̀tí ló wà lórí bátìrì? Mo ti fi ọ̀bẹ ha á. Ó ń dán.

Ọ̀la ni. Bí kì í bá ṣe ti ọ̀la ni, n kò ní í dà á láàmú báyìí. Ọ̀la ló máa gbé ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa gun òkè lọ sí Tukuyu, Tusekile ọmọ wa sì wà láàárín wọn, òun ló ń dá orin. Òwúrọ̀ kùtù ni wọ́n máa gbéra, nígbà tí kùrukùru bá ti gbé ojú ọ̀nà mì. Iná iwájú, ẹ̀rọ tó ń nu gíláàsì, inú ìkòkò kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ti ń bù. Bí ó bá gbẹ ní kọ́nà...

Ó ti tó ọjọ́ mélòó kan tí Bàbá Tuse ti ń gbé ọkọ̀ yìí sùn sí ìdàgẹ̀rẹ̀ ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, kó lè yí dìde láàárọ̀. Kò sí awakọ̀ ìlú Mbeya wa níbí tí kò mọ iṣẹ́ tí òkè ń ṣe. Anyelwisye, awakọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, pariwo láti òdìkejì títì: "Ambakisye! Bọ́ọ̀sì rẹ ti di ewúrẹ́ o, orí òkè nìkan ló mọ̀ ọ́n sùn!" Òun náà fún un lésì: "Ewúrẹ́ tèmi ń bímọ, tìẹ ń jẹ koríko lásán!" A rẹ́rìn-ín títí. Lẹ́yìn náà ló rọra bi mí pé... kí ló bi mí? N kò rántí.

Mo ní kó tẹ iná sí i. Ó tẹ̀ ẹ́, ẹ́ńjìnnì bú, nọ́ńbà kò mira. Mo ní kó tan iná iwájú. Nọ́ńbà tún rẹlẹ̀ sí i. Bẹ́líìtì ń yí, kò tú. Ṣé kí n gbà fún un, kí n yọ orí bátìrì? Ohun tó kọ́kọ́ sọ nìyẹn: "Yọ ọ́ bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń ṣiṣẹ́ yìí. Bí kò bá kú, ó ń bọ́ ọ." Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń dán an wò nínú àwọn ọkọ̀ àtijọ́. Mo ní rárá, iná tí kò bá ríbi lọ á fò, á jó nǹkan míì. "Tíṣà ti dé o!" ló ní.

Rárá, n kò yọ ọ́. "Iná pupa yẹn ńkọ́?" ni mo tún bi í. "Mo ní ó ti kú! Lé adìẹ yẹn kó tó kó sábẹ́ táyà!" Lóòótọ́, adìẹ kan ń jẹ̀ lápá ọ̀tún. Èmi tí mo dúró nílẹ̀, n kò rí i. Ojú rẹ̀ mà mú o.

N óò lọ wò ó fúnra mi. Ìwòye lẹ́ẹ̀mejì kì í ba ẹ̀kọ́ jẹ́.

...

Ó ń tàn.

Ó pọ́n bí èso kọfí tó gbó. Ó wà ní ọ̀gángán iwájú rẹ̀. Ojúkojú ló sì ń wò ó.

Dúró ná. Rọra rò ó. Mítà kò purọ́. Iná náà kò purọ́. Òun náà... kò purọ́. Ohun tó rí ló sọ. Ó rí adìẹ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, kò rí iná tó wà níwájú. Mo ti fi ṣọ́ọ̀kì ya ojú sórí pátákó tó! Àárín ojú la fi ń rí ohun kékeré, tí a fi ń dá ènìyàn mọ̀. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń rí ohun tó ń rìn. Àárín lè lọ, kí ẹ̀gbẹ́ kù...

Ìka tó máa ń fi sí etí ife bí ó bá ń bu tíì. Bó ṣe ń wo etí mi tó bá ń bá mi sọ̀rọ̀ — mo sì rò pé ó ti sú u láti wo ojú mi. Anyelwisye! Mo ti rántí ohun tí Bàbá Tuse bi mí lọ́jọ́ náà: "Ta nìyẹn?" Ó ti dá ẹni náà lóhùn kó tó mọ̀ ọ́n.

Èmi náà ńkọ́, tí mo máa ń jókòó tì í lójoojúmọ́? "Bàbá Tuse, òkúta wà níwájú o." "Ọmọ kan ń sọdá, ẹ rọra." "Ìyàwó pásítọ̀ ń kí yín." Mo rò pé ẹnu tíṣà lásán ni. Kì í ṣe ẹnu lásán. Ẹnu mi ti mọ̀ kí èmi tó mọ̀. Èmi ni mo ń pọn omi sí ìkòkò náà.

N kò sì sí nínú ọkọ̀ lọ́la. Akọrin ni yóò jókòó síbi tí mo máa ń jókòó sí.

Ẹ́ńjìnnì ń ké. Mo di ilẹ̀kùn mú. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí sítẹ́ríǹ. Ó yíjú sí mi — sí etí mi — ohùn rẹ̀ sì wálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ́ńjìnnì fẹ́rẹ̀ẹ́ bò ó:

"Ìyá Tuse. Ó ń tàn, àbí?"