Ẹrù Ọkọ Kì í Wúwo

Ní òwúrọ̀ Sátidé, Fàòsíyà gbé pákó kan lé orí àga méjì ní ẹ̀yìn ilé wọn ní Mayfair, nílùú Ifẹ̀, ó sì fi ayùn gé e ní mítà méjì. Kò gé e kánkán. Ẹni tí inú ń bí tó bá ń fi ayùn sáré, ìka ara rẹ̀ ni yóò gé, inú sì ń bí Fàòsíyà gan-an. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí inú náà ti ń bí i.

Ó fi okùn wọn pákó náà láti orí dé ìdí, ó ká okùn náà sí méjì, ibi tí ìdajì rẹ̀ dé ni ó lu ihò sí. Ó kan ìṣó ńlá kọ̀ọ̀kan mọ́ ìpẹ̀kun méjèèjì, ó tẹ̀ wọ́n kọ́ bí ìwọ̀ ẹja. Lẹ́yìn náà ni ó ki okùn bọ ihò àárín, ó sì so pákó náà rọ̀ sórí ẹ̀ka igi máńgòrò. Pákó tẹ̀ sí ọ̀tún díẹ̀. Ó fi ọ̀bẹ fá a lápá ọ̀tún, ó wò ó, ó tún fá a, títí pákó fi dúró gbọọrọ bí ojú omi inú ìkòkò.

Ó wá gbé kẹ́ẹ̀gì méjì tí wọ́n bára dọ́gba jáde, ó fi ọ̀kan kọ́ apá òsì, ó fi ìkejì kọ́ apá ọ̀tún. Inú ti òsì ni yóò máa da omi sí. Òfìfo ni ti ọ̀tún yóò wà ní tirẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹrù tí wọ́n bá fẹ́ wọ̀n, kí ìwúwo kẹ́ẹ̀gì má baà rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ. Ìgò tí yóò fi máa bu omi, òun fúnra rẹ̀ ló fẹ́ ẹ lójú iná, ó sì gba lítà kan géérégé. Lítà omi kan, kílò kan ni.

Òṣùwọ̀n ni ohun tó ṣe yìí. Àwọn ará ilé ọkọ rẹ̀ ń bọ̀ lọ́sàn-án láti kó ẹrù tí yóò bá wọn gbé lọ sí Ọsirélíà wá, ó sì ti pinnu pé òun kò ní fi ẹnu bá ẹnikẹ́ni jà.

Ọdún 1994 ni, oṣù kẹfà. Fàòsíyà kò wọ ọkọ̀ òfuurufú rí. Kàdúná ni ibi tó jìnnà jù tó ti dé láyé rẹ̀. Ọdún mẹ́rìnlá ṣáájú, iṣẹ́ gbálẹ̀gbálẹ̀ ni wọ́n gbà á sí ní yunifásítì. Yàrá tí bàbá kan tó ń jẹ́ Fákúnlé ti ń fi iná ṣe gíláàsì ni ó máa ń gbá. Bí ó bá gbálẹ̀ tán, kì í lọ. Á dúró máa wo bí gíláàsì ṣe ń rọ̀ bí oyin lójú iná, bí bàbá náà ṣe ń fi ẹnu fẹ́ atẹ́gùn sí i, tí yóò sì máa wú. Ìgbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa àfọ́kù jọ, ó ń dán an wò nígbà tí bàbá bá lọ jẹun. Nígbà tí Fákúnlé fẹ̀yìn tì, gbálẹ̀gbálẹ̀ yìí nìkan ló kù tó mọ iṣẹ́ náà.

Òyìnbó Ọsirélíà kan wá ṣe àbẹ̀wò, ó gbé ọ̀kan nínú iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sókè, ó béèrè orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti rà á. Wọ́n ní obìnrin tó dúró lẹ́nu ọ̀nà yẹn ló ṣe é. Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn náà, lẹ́tà dé láti Adelaide, ìlú òyìnbó náà ní Ọsirélíà. Wọ́n ní kí ó máa bọ̀ wá kọ́ṣẹ́ sí i, kí ó mú gíláàsì mẹ́ta tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe dání. Bí iṣẹ́ náà bá tẹ́ wọn lọ́rùn, ọdún méjì ni yóò lò. Bí kò bá tẹ́ wọn lọ́rùn, oṣù mẹ́ta, kí ó padà sílé.

Orí gíláàsì mẹ́ta yìí ni gbogbo ìrìn àjò náà dúró lé. Ó kan àpótí pákó fún wọn, ó fi òwú tẹ́ inú rẹ̀, ó sì gbé àpótí náà sínú báàgì ńlá tó rà. Ogún kílò ni ọkọ̀ òfuurufú gbà fún un, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Nígbà náà ni Láoyè dé. Láoyè ni ẹ̀gbọ́n Oyèlárán, ọkọ Fàòsíyà. Ó ní ọmọkùnrin kan, Adéolúwa, tó ń gbé ní Perth, ní Ọsirélíà kan náà. Fàòsíyà wà níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ tí Láoyè gbé àpò èlùbọ́ wá fún ọmọ rẹ̀. Oyèlárán ló ṣílẹ̀kùn, Oyèlárán náà ló ṣí báàgì. Nígbà tí Fàòsíyà wọlé nírọ̀lẹ́, àpótí rẹ̀ ló bá nílẹ̀ẹ́lẹ̀, èlùbọ́ ti jókòó sípò rẹ̀. Ó mi àpótí náà díẹ̀, ó gbọ́ ìró tí kò yẹ kó gbọ́.

Èyí tó dára jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló fọ́: ọ̀pá gíláàsì kan tó ká lọ́nà mẹ́rìnlá bí ejò, nínú ọ̀pá mìíràn. Ooru omi tó ń hó a máa gba inú èyí tó ká, omi tútù a máa ṣàn yí i ká, ooru a sì di omi, a máa kán tó, tó, tó. Ọjọ́ mọ́kànlá ló fi ṣe é.

“Bàbá Fikáyọ̀, ta ló tú ẹrù mi?”

“Ẹ̀gbọ́n ni. Wọ́n ní kí n bá àwọn wá àyè díẹ̀. Ẹrù wọn ò kúkú wúwo.”

“Ó ti fọ́.”

Oyèlárán wo inú àpótí náà. “Gíláàsì lásán ni, Ìyá Fikáyọ̀. Ṣé wọn ò ní gíláàsì ní Ọsirélíà ni?”

Fàòsíyà kàn pa àpótí náà dé, nítorí ó mọ̀ pé bí òun bá la ẹnu, ohun tí yóò jáde kò ní ṣe é kó padà. Lọ́jọ́ kejì ó gbé àpò èlùbọ́ náà padà lọ bá Láoyè ní agbo ilé, ó kúnlẹ̀, ó ṣàlàyé. Láoyè rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ kàn án léjìká.

“Ìyàwó wa, má dààmú. Ẹrù ọkọ kì í wúwo lórí ìyàwó.”

Ọ̀rọ̀ yẹn ló ń jó o nínú láti ìgbà náà. Nínú ilé Yorùbá, gbogbo ọmọ ilé ni ọkọ ìyàwó, àti àgbà àti èwe. Bí gbogbo wọn bá wá di ẹrù kọ̀ọ̀kan, ta ni yóò rù ú? Ó tún gíláàsì náà ṣe, lẹ́yìn iṣẹ́ lójoojúmọ́, ó sì parí rẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni yóò wọkọ̀.

Láoyè tètè dé lọ́sàn-án Sátidé yìí. Àpò èlùbọ́ náà ti tún wú sí i. Àyọ̀kẹ́, àbúrò Oyèlárán obìnrin, tẹ̀ lé e pẹ̀lú ìdì ẹja gbígbẹ, òórùn rẹ̀ sì ti ṣáájú rẹ̀ wọlé.

“Ìyàwó mi, ẹja tí mo rà lọ́jà Sábó nìyí,” ni Àyọ̀kẹ́ wí. “Pẹ́ńpẹ́ ni. Bóo bá fi sínú bàtà pàápàá, ó máa gbà.”

“Bàtà ta ni, Àǹtí?” ni Fàòsíyà dáhùn. “Ẹ káàbọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yìn ilé la ti ń kó ẹrù lónìí.”

Wọ́n bá a lọ síbẹ̀. Láoyè wo pákó tó rọ̀ sórí igi, ó wo kẹ́ẹ̀gì méjì.

“Kí lèyí? Ṣé àwa lo fẹ́ so kọ́?”

“Òṣùwọ̀n ni, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ fi ẹrù yín kọ́ ọ̀tún. Èmi á máa da omi sí òsì. Lítà tí pákó bá fi dọ́gba, kílò ẹrù yín nìyẹn.”

“Omi ni yóò wá máa sọ fún mi bí ẹrù mi ṣe wúwo tó? Mo gbé e láti ilé dé ibi tí mo ti wọ tasín. Ó fúyẹ́. Oyèlárán, gbé e wò.”

Oyèlárán gbé e, iṣan ọrùn rẹ̀ yọ. “Kò fi bẹ́ẹ̀ wúwo, Ẹ̀gbọ́n.”

“Ẹ gbé e kọ́,” ni Fàòsíyà wí.

Wọ́n gbé e kọ́, pákó sì tẹ̀ wálẹ̀ lápá ọ̀tún. Fàòsíyà bẹ̀rẹ̀ sí í da omi. Ó ń kà á sókè ketekete, bí ẹni ń kọ́ ọmọ. Ní lítà márùn-ún, pákó kò mira. Ní mẹ́wàá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbéra. Ní mẹ́tàlá, ó dúró gbọọrọ.

“Kílò mẹ́tàlá.”

“Irọ́ ni!” ni Láoyè wí. “O ti ṣe nǹkan sí pákó yìí. Apá ibi tí o dúró sí lo fi ń rẹ́ wa jẹ.”

Ọ̀rọ̀ tí Fàòsíyà ń retí nìyẹn. Òṣùwọ̀n tí apá rẹ̀ kan bá gùn ju ìkejì lọ yóò purọ́. Bí èèyàn bá ti pààrọ̀ apá méjèèjì, irọ́ náà á tú síta.

“Ẹ pààrọ̀ wọn, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ gbé ẹrù yín àti kẹ́ẹ̀gì òfìfo sí òsì, kí ẹ gbé omi sí ọ̀tún. Ọwọ́ yín ni kí ẹ fi ṣe é. Mi ò ní sún mọ́ ọn.”

Ó kúrò níbẹ̀, ó káwọ́ sẹ́yìn. Láoyè pààrọ̀ wọn, òógùn ń bọ́ lójú rẹ̀. Pákó mì lọ, ó mì bọ̀, ó sì dúró gbọọrọ bí ti àkọ́kọ́. Adìyẹ kan wá ṣa èlùbọ́ tó dà sílẹ̀ jẹ.

“Tèmi ńkọ́?” ni Àyọ̀kẹ́ wí, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀. Wọ́n wọ̀n ọ́n. Kílò márùn-ún.

“Àǹtí, pẹ́ńpẹ́ yín nìyẹn,” ni Fàòsíyà wí. “Mẹ́tàlá àti márùn-ún, méjìdínlógún. Báàgì lásán, kílò mẹ́ta. Ó ti di mọ́kànlélógún, mi ò sì tíì fi yẹ̀rì kan ṣoṣo sí i. Ṣé ìhòòhò ni kí n lọ?”

“Adéolúwa á ra aṣọ fún ọ,” ni Láoyè wí. “Á wá fi ọkọ̀ gbé ọ.”

“Láti Perth? Mo fi òwú wọ̀n ọ́n lórí máàpù, Ẹ̀gbọ́n. Láti ibẹ̀ sí Adelaide tí mò ń lọ, ó jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta Ifẹ̀ sí Kánò.”

“Ṣé Ọsirélíà kan náà kọ́ ni?”

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Àyọ̀kẹ́ kí ó tó lè dá a dúró. Ojú Láoyè pọ́n.

“Wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé pé aṣọ́bodè wọn máa ń tú ẹrù wò nítorí oúnjẹ. Bí wọ́n bá bá èlùbọ́ tí mi ò sọ nípa rẹ̀, èmi ni wọ́n máa mú,” ni Fàòsíyà wí.

“Dì í mọ́ aṣọ. Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ ń ṣe é. Èmi ni mo bá ọkọ rẹ fẹ́ ọ, Fàòsíyà! Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ ìdána. Ẹrù ọkọ kì í...”

“Ó wúwo!” Igbe tí Fàòsíyà ti gbé mì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta jáde pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. “Ó wúwo, Ẹ̀gbọ́n! Kílò mẹ́tàlá ni! Ẹ fọ́ iṣẹ́ ọjọ́ mọ́kànlá mi, ẹ ò sọ pé pẹ̀lẹ́. Ẹ rẹ́rìn-ín. Ọkọ mi ní gíláàsì lásán ni. Gíláàsì lásán yẹn ni wọ́n fi pè mí! Kò sẹ́ni tó pè mí nítorí èlùbọ́!”

Kò kúnlẹ̀ nígbà tó ń sọ ọ́, kò sì wolẹ̀. Láoyè yíjú sí àbúrò rẹ̀.

“Oyèlárán, ṣé o gbọ́ ẹnu ìyàwó rẹ?”

Oyèlárán wo pákó, ó wo omi inú kẹ́ẹ̀gì.

“Ẹ̀gbọ́n, ó wúwo,” ni ó wí. “Nígbà tí mo gbé e lẹ́ẹ̀kan, ó wúwo. Mo kàn sọ pé kò wúwo ni.”

Láoyè gbá fìlà rẹ̀ mọ́rí. Ó ní kí Oyèlárán gbé àpò náà tẹ̀ lé òun dé ibi tí òun yóò ti rí tasín. Oyèlárán gbé e lérí, ó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ lọ.

“Orí ọkọ ló wà wàyí,” ni Àyọ̀kẹ́ sọ lábẹ́lẹ̀, ó di ẹja rẹ̀ padà. “Ìyàwó mi, má bínú. Èmi ò mọ̀ pé o ò ní àyè.”

“Ẹ ò béèrè, Àǹtí.”

Láoyè lọ láìsúre fún un, Fàòsíyà sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà yóò kárí agbo ilé kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó da omi kẹ́ẹ̀gì nù, ó sì kó ẹrù tirẹ̀ sínú báàgì: àpótí gíláàsì, kílò mẹ́jọ, irinṣẹ́, mẹ́rin, aṣọ àti bàtà, mẹ́rin; báàgì fúnra rẹ̀ jẹ́ mẹ́ta. Ó gbé báàgì kọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í da omi. Ní lítà mọ́kàndínlógún, pákó dúró gbọọrọ. Ó ku kílò kan.

Ó ṣì dúró tì í nígbà tí Oyèlárán padà dé, èlùbọ́ ti kún irun rẹ̀. Ó wọlé, ó sì jáde pẹ̀lú kóòtù nínípọn kan tó rà nínú òkìrìkà.

“O sọ fún mi pé òtútù ló ń mú níbẹ̀ lóṣù yìí,” ni ó wí.

Kò fọwọ́ kan báàgì. Ó fi kóòtù náà kọ́ ìwọ̀ òṣùwọ̀n, ó sún sẹ́yìn.

“Ìyá Fikáyọ̀, ṣé àyè wà?”

Láti ọjọ́ tí lẹ́tà ti dé, òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó bi í bẹ́ẹ̀. Inú ṣì ń bí Fàòsíyà, kò sì díbọ́n pé kò bí òun mọ́. Ó bu lítà kan, ó rọra dà á sínú kẹ́ẹ̀gì òsì. Pákó mì, ó sì dúró gbọọrọ.

“Ó wà.”

Ó ká kóòtù náà mọ́ àpótí gíláàsì yíká, ó fa síìpù báàgì, ó sì fi àgádágodo tì í. Kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo ló ní. Ó so ó mọ́ etí ìró rẹ̀.